Ṣé Ọlọ́run Ń Gbọ́ Àdúrà Alhaja?

   

Ọ̀kan nínú yín, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ló fa ọ̀rọ̀ tòní. N kò ní dárúkọ rẹ̀, òun náà sì ti gbà pé kí n sọ ọ́. Ó pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan láti ọsibítù kan ní agbègbè Ìdí-Àràbà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń fa omi sí i lára, ara rẹ̀ sì gbóná bí iná. Ìyá ọkọ rẹ̀, Alhaja kan tó ń gbé ní Mushin, wá kí wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Màmá yìí gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí, ó ka ohun tó kà ní èdè Lárúbáwá, lẹ́yìn náà ló wá fi Yorùbá bẹ Ọlọ́run pé kó dá ọmọ náà sí, kó má jẹ̀ẹ́ kí òun fojú rí ikú ọmọ-ọmọ òun. Àwọn ìyá yòókù tó jókòó ti ọmọ wọn ní wọ́ọ̀dù yẹn, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, gbogbo wọn ló ń ṣe "Àmín! Àmín!" Ìyàwó yìí nìkan ni kò ṣe é.

Ìdí ni pé wọ́n ti kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ pé Ọlọ́run kì í gbọ́ àdúrà aláìgbàgbọ́, àti pé ẹni tó bá ṣe àmín sí irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ti fọwọ́ sí ohun tí kò mọ̀. Alhaja rí i pé ẹnu rẹ̀ kò mì. Kò sọ nǹkan kan. Ó mú báàgì rẹ̀, ó ní òun á máa lọ kí mọ́tò tó wọ́n.

"Prof sà," ọmọ mi bi mí, "ṣé ohun tó tọ́ ni mo ṣe? Ṣé Ọlọ́run tiẹ̀ ń gbọ́ àdúrà màmá yẹn?"

Mo fún un ní ìdáhùn kékeré kan lálẹ́ ọjọ́ náà. Màá sọ ọ́ fún yín kí n tó parí. Ìdáhùn tó kún rèé. Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ọ̀rọ̀ yìí ju ti ìdílé kan lọ. Ní Surulere, ní Yaba, ní Mushin, ilé mélòó ni bàbá ti ń lọ mọ́ṣáláṣí, tí ìyá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìyá àgbà tó wà ní ìlú ṣì ń bọ Ọ̀ṣun? Tí a bá fẹ́ sọ pé Ọlọ́run di etí sí ẹnìkan nínú wọn, ó yẹ ká mọ ohun tí a ń sọ.

Ta là ń pè ní aláìgbàgbọ́?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì. Nínú Yorùbá òde òní, "onígbàgbọ́" ti di orúkọ ẹ̀sìn. Tí ẹnìkan bá ní onígbàgbọ́ ni wọ́n nílé àwọn, ohun tó ń sọ ni pé Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n. Nítorí náà, "aláìgbàgbọ́" wá ní ìtumọ̀ méjì tí a máa ń pò pọ̀. Èkíní ni ẹni tí kò gbà pé Ọlọ́run wà rárá. Èkejì ni ẹni tó gbà pé Ọlọ́run wà, tó ń bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n tí kò gba Jésù ní Olúwa. Alhaja wa kì í ṣe ti àkọ́kọ́. Ìgbà márùn-ún lójúmọ́ ló ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run. Ìtumọ̀ kejì ni pásítọ̀ náà ní lọ́kàn, òun náà sì ni màá bá wí níhìn-ín.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ "àdúrà" fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni. Àwọn Hausa ń pè é ní addu'a, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ló sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni "àlùfáà", "ìwàásù", títí kan "kèfèrí" tí a fi ń bú ara wa. Ọ̀nà àwọn Mùsùlùmí ni gbogbo wọn gbà wọ èdè Yorùbá, kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ohun tí wọ́n bá lẹ́nu àwọn ènìyàn ni wọ́n mú lò. "Ọlọ́run" pàápàá, wọ́n bá a nílẹ̀ ni. Èyí kò yanjú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró lórí pẹpẹ tó ní Ọlọ́run kì í gbọ́ àdúrà Ìmàle, ó yẹ kó rántí pé ẹnu Ìmàle la ti gbọ́ ọ̀rọ̀ "àdúrà" tó ń pè yẹn.

Ẹsẹ tí gbogbo ènìyàn máa ń tọ́ka sí

Ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n sábà máa ń fi dì í mú wà nínú Jòhánù orí 9, ẹsẹ 31. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pé Ọlọ́run kì í gbọ́ ti ẹlẹ́ṣẹ̀ ti wá. Àmọ́ ta ló sọ ọ́? Kì í ṣe Jésù. Kì í ṣe àpọ́sítélì kankan. Ọkùnrin afọ́jú tí Jésù ṣẹ̀ṣẹ̀ là lójú ló sọ ọ́, nígbà tí àwọn Farisí ń da ìbéèrè bò ó. Wọ́n ń pe Jésù ní ẹlẹ́ṣẹ̀; òun sì ń fi ohun tí gbogbo wọn jọ gbà dá wọn lóhùn pé, ẹlẹ́ṣẹ̀ wo ló lè ṣe irú iṣẹ́ yìí? Ìjà ẹnu ló ń jà, ó sì jà á dáadáa. Kì í ṣe pé ó ń to òfin kalẹ̀ nípa àdúrà gbogbo ayé.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rí i bẹ́ẹ̀. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo, tó gbé ayé láti ọdún 354 sí 430, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa, níbi tí à ń pè ní Algeria lónìí, ti wàásù lórí ẹsẹ yìí gan-an. Ó ní ojú ara ọkùnrin náà ti là, àmọ́ ojú ọkàn rẹ̀ kò tíì là tán nígbà tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó ní tí Ọlọ́run kì í bá gbọ́ ti ẹlẹ́ṣẹ̀, agbowó orí inú Lúùkù orí 18, tó dúró lókèèrè tó ń lu àyà rẹ̀, kàn ń fi àkókò ṣòfò ni. Bẹ́ẹ̀, Jésù fúnra rẹ̀ ló ní a dá ọkùnrin náà láre lọ sílé.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní ẹsẹ mìíràn ṣì wà. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n wà, wọ́n sì le. Òwe orí 28, ẹsẹ 9, sọ nípa ẹni tí àdúrà rẹ̀ di ohun ìríra. Àìsáyà orí 1 sọ nípa àwọn tó ń na ọwọ́ sókè tí Ọlọ́run sì ń gbé ojú kúrò lára wọn. Sáàmù 66 kìlọ̀ nípa ẹni tó fi ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́ sínú ọkàn. Jákọ́bù orí 4 sọ nípa àwọn tó ń béèrè tí wọn kò rí gbà torí pé èrò búburú ni wọ́n fi béèrè. Pétérù Kìíní orí 3, ẹsẹ 7, kìlọ̀ fún ọkọ tí kò bu ọlá fún aya rẹ̀ pé ìdènà lè bá àdúrà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá béèrè ohun tí mo máa ń béèrè lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá kó ìwé wá: ta ni wọ́n ń bá wí? Ẹni inú Òwe yẹn, ẹni tó kọ etí dídi sí òfin ni, ìyẹn ni pé òfin wà níwájú rẹ̀. Àwọn tí Àìsáyà ń bá wí, àwọn ará Júdà àti Jerúsálẹ́mù ni, àwọn tó ń kó ẹbọ wá sí tẹ́ḿpìlì déédéé. Onísáàmù ń sọ ti ara rẹ̀. Jákọ́bù àti Pétérù, ìjọ ni wọ́n kọ̀wé sí. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Àwọn ọ̀rọ̀ tó le jù lọ nínú Bíbélì nípa àdúrà tí Ọlọ́run kò fẹ́ gbọ́, inú ilé ni wọ́n ń bá wí, kì í ṣe ìta. Àwa la ká wọn sí àwọn ẹlòmíràn lórí.

Àwọn ará ìta tí Ọlọ́run gbọ́ tiwọn

Tí a bá wá wo ìta, kí la rí? Ẹ bá mi lọ sí Jẹ́nẹ́sísì orí 21. Wọ́n ti lé Hágárì ará Íjíbítì àti ọmọ rẹ̀ jáde. Ìlà májẹ̀mú kò gba ọ̀dọ̀ ọmọ yìí kọjá. Ísáákì ló wà fún. Omi tán nínú aginjù. Ìyá gbé ọmọ sábẹ́ igi kékeré, ó lọ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán kó má baà fojú rí ikú ọmọ rẹ̀, ó sì ń sunkún. Bíbélì ní Ọlọ́run gbọ́ ohùn ọmọ náà níbi tó wà. Orúkọ ọmọ yìí ń jẹ́ Íṣímáẹ́lì, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Hébérù ni "Ọlọ́run gbọ́". Áńgẹ́lì ló fún un lórúkọ náà kí wọ́n tó bí i, ní orí 16. Ìdílé Íṣímáẹ́lì yìí sì ni àwọn Mùsùlùmí gbà pé wòlíì wọn ti wá. Ìyá tí kò fẹ́ fojú rí ikú ọmọ, ẹ kò ha ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu Alhaja lókè?

Ẹ wo Sólómọ́nì nígbà tó ń ya tẹ́ḿpìlì sí mímọ́, Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 8. Ó gbàdúrà fún àwọn ènìyàn rẹ̀ tán, ó wá fi àlejò kún un, ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì, tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ó bẹ Ọlọ́run pé kó gbọ́ ti onítọ̀hún, kó sì ṣe ohun tó bá béèrè. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí tẹ́ḿpìlì náà ni wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún àdúrà àjèjì.

Ẹ tún wo Jónà. Nígbà tí ìjì dé, àwọn atukọ̀ ń ké, kálukú sí òrìṣà tirẹ̀. Wòlíì Ọlọ́run ńkọ́? Ó ń sùn nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ tí kò mọ Ọlọ́run Ísírẹ́lì ló lọ jí i pé kó dìde kó gbàdúrà. Nígbà tó yá, àwọn atukọ̀ yìí ké pe Olúwa gan-an, òkun sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ará Nínéfè, ọ̀tá Ísírẹ́lì, gbààwẹ̀, wọ́n sì kígbe sí Ọlọ́run, Ọlọ́run sì dá ìlú wọn sí. Ẹnìkan ṣoṣo tí inú rẹ̀ kò dùn nínú ìwé yẹn ni Jónà, onígbàgbọ́ àárín wọn. Ohun tó ń bí i nínú ni pé Ọlọ́run gbọ́.

Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì jù ni Kọ̀nẹ́líù, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun Róòmù ní Kesaríà, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 10. Kò tíì gbọ́ ìwàásù Pétérù, kò tíì ṣe ìrìbọmi. Áńgẹ́lì sì wá sọ fún un pé àdúrà rẹ̀ àti ọrẹ àánú rẹ̀ ti gòkè dé iwájú Ọlọ́run. Gòkè ti gòkè o, kì í ṣe pé yóò gòkè tó bá yá. Àmọ́ ẹ má yára kúrò níbẹ̀. Áńgẹ́lì náà kò ní kó jókòó bẹ́ẹ̀. Ó ní kó ránṣẹ́ pe Pétérù. Ọlọ́run gbọ́ àdúrà rẹ̀, ìdáhùn tó sì wá fún un ni ọ̀nà sọ́dọ̀ Jésù. Ohun méjèèjì la gbọ́dọ̀ dì mú pọ̀. Ẹni tó bá di ọ̀kan mú tó ju èkejì nù kò tíì ka orí náà tán.

Ohun tí àwọn àgbà ìjọ sọ

Kì í ṣe Èkó nìkan ni wọ́n ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1980, Bailey Smith, tó jẹ́ ààrẹ ìjọ Southern Baptist ní Amẹ́ríkà nígbà náà, sọ ní gbangba ní ìlú Dallas pé Ọlọ́run kì í gbọ́ àdúrà Júù. Ariwo ńlá ló tẹ̀ lé e, àwọn Baptist ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ta kò ó. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 27 oṣù October, 1986, Póòpù John Paul II pe àwọn aṣáájú oríṣiríṣi ẹ̀sìn ayé sí Assisi ní Ítálì, pé kí kálukú gbàdúrà fún àlàáfíà. Àwọn kan nínú ìjọ tirẹ̀ náà bínú. Ẹ rí i pé kò sí ìhà tí ọ̀rọ̀ náà kò ti gbóná.

Ṣùgbọ́n tí a bá padà sẹ́yìn sọ́dọ̀ àwọn tí gbogbo wọn ń kàwé wọn, ohùn wọn sún mọ́ra ju bí a ṣe rò lọ. Thomas Aquinas, tó kú ní 1274, béèrè ìbéèrè yìí gan-an: ṣé ẹlẹ́ṣẹ̀ lè rí nǹkan gbà lọ́wọ́ Ọlọ́run nípa àdúrà? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, tó bá jẹ́ ohun rere ló béèrè. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ó tọ́ sí i, àánú Ọlọ́run ni. John Calvin, tó le koko lórí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ju ọ̀pọ̀ pásítọ̀ Yaba lọ, gbà nínú ìwé ńlá rẹ̀ Institutes pé Ọlọ́run a máa dá àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lóhùn nígbà ìpọ́njú, ó sì tọ́ka sí Sáàmù 107. Ó kàn fi ìkìlọ̀ kan tì í: pé Ọlọ́run dá ènìyàn lóhùn kò túmọ̀ sí pé ohun gbogbo tí onítọ̀hún ń ṣe ló dára lójú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilé Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀. Ọmọ ilé kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọ ilé ìdáná. Ó mọ ibi tí ìkòkò wà. Ó lè jí ìyá rẹ̀ láàárín òru, kó ní ebi ń pa òun. Ohun tí Jésù ṣèlérí fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nínú Jòhánù orí 14 àti 16, pé kí wọ́n béèrè ní orúkọ òun, ẹ̀tọ́ ọmọ ilé nìyẹn. Kò yẹ kí a fojú kéré rẹ̀. Ọmọ aládùúgbò kò ní ẹ̀tọ́ yẹn. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí. Ṣùgbọ́n ìyá rere wo ló máa gbọ́ ẹkún ọmọ aládùúgbò tí ebi ń pa, tí yóò ní kò kan òun torí pé kì í ṣe òun ló bí i? Ìlérí tí a ṣe fún ọmọ kò sọ ìyá di òǹrorò sí ọmọ ẹlòmíràn. Jésù ló ní Ọlọ́run ń mú oòrùn ràn sórí ẹni rere àti ẹni búburú.

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú pásítọ̀

Kí n má baà dà bí ẹni tó ń ṣe ojúsàájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹ̀rù pásítọ̀ náà ti bá òótọ́ mu. Ẹ̀rù ń bà á pé tí a bá ní Ọlọ́run ń gbọ́ ti gbogbo ènìyàn, àwọn kan á béèrè pé kí wá ni Jésù wá ṣe láyé? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn mi ni Kọ̀nẹ́líù: àdúrà tó gbà kò dípò Jésù, òun ló mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bákan náà, Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 10 pé kí onígbàgbọ́ má bá wọn lọ́wọ́ nínú ẹbọ òrìṣà. Ìkìlọ̀ yẹn dúró. Ṣùgbọ́n ìyá tó bẹ Ẹlẹ́dàá pé kó wo ọmọ sàn, ẹbọ wo ló rú?

Ohun kan tún wà tí a máa ń gbàgbé ní Èkó, níbi tí ẹ̀rí ti pọ̀ ju oúnjẹ lọ. A máa ń fi àdúrà tó gbà wọn ẹni tó tọ̀nà. "Wòlíì yìí gbàdúrà, ó ṣẹ, nítorí náà òótọ́ ló ń sọ." Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì béèrè ẹran nínú aginjù, Ọlọ́run fún wọn, ó sì di ìyọnu fún wọn. Ní ìhà kejì, Pọ́ọ̀lù bẹ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mẹta pé kó yọ ẹ̀gún ara òun kúrò, kò yọ ọ́. Jésù bẹ̀bẹ̀ ní Gẹtisémánì pé kí ago náà kọjá, kò kọjá. Tó bá jẹ́ pé àdúrà tó gbà ni òṣùwọ̀n ìgbàgbọ́, kí la fẹ́ sọ nípa Jésù ní alẹ́ ọjọ́ yẹn?

Ìtàn ìyá kan nílé wa

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ wá sílé. Ní 1821, ogun kó ìlú Ọ̀ṣoògùn, wọ́n sì kó ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú, wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, Àfàlà. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ní April 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ni ó ti ṣe ìrìbọmi ní 1825, tó di Samuel Crowther. Ní ọjọ́ 21 oṣù August, 1846, tó ti di àlùfáà, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọdún 25 ti kọjá.

Ní gbogbo ọdún 25 yẹn, Àfàlà kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì. Ìgbàgbọ́ kò tíì dé Abẹ́òkúta fún ọ̀pọ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn. Mo wá bi yín: ìyá Yorùbá wo ni wọ́n kó ọmọ rẹ̀ lọ tí kò ní bẹ Olódùmarè lójoojúmọ́ pé kó dá a padà? Ta ló dá a padà? Ẹni tó bá ní Ọlọ́run kò gbọ́ igbe ìyá yẹn, á ní láti sọ fún mi ẹni tó gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ 5 oṣù February, 1848, Àfàlà ṣe ìrìbọmi. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Hánà, torí pé Hánà ni ìyá Sámúẹ́lì nínú Bíbélì. Ẹ rántí ìtàn Hánà náà: ó ń gbàdúrà ní ilé Olúwa, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Élì, àlùfáà àgbà, wò ó títí, ó ní ó ti mutí yó. Àlùfáà ni, àgbà ni, ó sì ṣi àdúrà gbé. Ọlọ́run kò ṣì í gbé ní tirẹ̀.

Bí ti Àfàlà ṣe rí ni ti gbogbo wa. Kí Thomas Birch Freeman tó dé Àgbádárìgì ní 1842, mélòó nínú àwọn baba ńlá wa ló mọ orúkọ Jésù? Wọ́n bímọ, wọ́n sá fún ogun, wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún òjò. Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Lísírà pé Ọlọ́run tó fi àwọn orílẹ̀-èdè sílẹ̀ láti máa rìn ní ọ̀nà tiwọn kò ṣaláì fi ẹ̀rí hàn fún wọn, òun ló ń rọ òjò fún wọn. Ní itòsí wa níhìn-ín, Josiah Akindayomi, tó dá ìjọ Redeemed sílẹ̀ ní Ebute Metta ní 1952, inú ìdílé àwọn tó ń bọ Ògún ní Oǹdó ni wọ́n bí i sí. Ẹni tó fa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jáde ti ń gbọ́ nǹkan kan nínú ilé náà kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó gbé Bíbélì.

Ìdáhùn tí mo fún un

Nítorí náà, ohun tí mo gbà pé ẹ̀kọ́ Kìrìsìtẹ́nì kọ́ wa rèé. Ọlọ́run kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè ìdáhùn. Ó ṣe ìlérí fún àwọn ọmọ rẹ̀ nípasẹ̀ Jésù, ìlérí yẹn sì dúró. Àwọn tó wà lẹ́yìn odi ìlérí náà, àánú rẹ̀ ni wọ́n ń ké pè, ó sì ti fi hàn láti ìgbà Hágárì pé òun kì í di etí sí wọn. Pé ó gbọ́ kò sọ pé kò sí ohun tó kù fún wọn láti mọ̀. Pé ohun kan sì kù fún wọn láti mọ̀ kò sọ pé kò gbọ́.

Ṣé kí onígbàgbọ́ ṣe àmín? Ọ̀rọ̀ Hébérù ni "àmín", Lárúbáwá náà ń lò ó. Ohun tó ń sọ ni pé kó rí bẹ́ẹ̀. Tí ìyá kan bá ní kí ọmọ yè, ṣé kí ó rí bẹ́ẹ̀ àbí kó má rí bẹ́ẹ̀? Ohun tí o bá lè béèrè ní orúkọ Jésù láìtijú, o lè ṣe àmín sí i tí ẹlòmíràn bá béèrè rẹ̀.

Ohun tí mo sọ fún ọmọ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn kúrú ju gbogbo èyí lọ. Mo ní, "Ìwọ ti ń dààmú bóyá àdúrà màmá yẹn gòkè. Lọ ka Mátíù orí 5, ẹsẹ 23 àti 24. Jésù ní tí o bá gbé ọrẹ dé ibi pẹpẹ, tí o rántí pé ẹnìkan ní nǹkan sí ọ nínú, kọ́kọ́ lọ bá a parí rẹ̀. Àdúrà tìrẹ ni kó o máa bẹ̀rù fún lálẹ́ òní. Pe ìyá ọkọ rẹ."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá ní, "Prof, aago mẹ́wàá ti ń lọ lù."

Mo ní, "Wọn ò tíì sùn. Ìyá tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ní ọsibítù kì í sùn."

Ó pè é. N kò mọ ohun tí wọ́n jọ sọ, n kò sì béèrè. Alhaja padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná nínú fúláàsì. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọmọ náà lọ sílé. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé àdúrà ẹni báyìí ló gbà. Àwọn dókítà wà níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì kò sùn, oògùn wà lára rẹ̀. Ìyá gbàdúrà, ìyá àgbà gbàdúrà, àwọn ìyá yòókù ní wọ́ọ̀dù náà sì ṣe àmín sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wọ̀nyẹn kò gbé ọmọ tirẹ̀ lọ sílé. Òun náà gbàdúrà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, tí ẹ bá dé ibi tí aládùúgbò yín tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn yín ti gbé ọwọ́ lé ọmọ yín lórí, ẹ má wo ẹnu rẹ̀ bíi ti Élì. Ẹ ṣe àmín. Kí ẹ sì wádìí ara yín wò, bóyá ẹnìkan wà nílé tí ẹ kò tíì bá parí ìjà.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ máa ṣọ́ra yín, ẹ sì bá mi kí àwọn ará ilé.